Sítíárìn Corolla bàbá mi ti gan: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó ra ráàkì

ỌmọÒmùÀrán

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí.

Toyota Corolla 1996 ni mọ́tò náà, tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá. Bàbá mi ló ni ín. Láti ìgbà tí wọ́n ti papò dà, ó lé lọ́dún mẹ́rin tó ti wà lábẹ́ igi máńgòrò nílé wa ní Òmù-Àrán. Òjò pa á, ọyẹ́ fẹ́ lù ú, adìyẹ ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Lóṣù tó kọjá ni màmá mi pè mí, wọ́n ní ó ń dun àwọn bí àwọn bá ń jí rí i láràárọ̀ tó ń jẹrà. Mo ra bátìrì, mo fa epo àtijọ́ dànù, mo pààrọ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ́ńjìnnì sitáàtì. Àdúrà ni màmá mi bú sí.

Sítíárìn ló kù. Ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́, síbẹ̀ ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń wọ́ ọ bí ẹni ń wọ́ ìtì igi. Bí mo bá yí i sápá ọ̀tún, apá ọ̀tún ló máa wà, kò ní padà fúnra ẹ̀. Ó tún ń dún krọ̀ọ́ níwájú lápá ọ̀tún. Òróró páwà kún dáadáa, bẹ́líìtì rẹ̀ ò já.

Mẹkáníìkì kan wá láti Ìlọrin, kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ó ní ráàkì, ìyẹn irin gbọọrọ tó ń ti táyà iwájú sọ́tùn-ún sósì bí a bá yí sítíárìn, ti kú, kí n lọ ra òmíràn. Ó gbìyànjú láti tú táìróòdù apá ọ̀tún, ìyẹn irin tó so ráàkì mọ́ wíìlì, kó tó lọ. Orí tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló ń fi hámà lù títí tó fi fẹ̀ bí olú. Kò kúrò. Bọ́ọ̀tì tó di lówà áàmù mú (apá irin tó so ìsàlẹ̀ wíìlì mọ́ ara mọ́tò) náà ń yí lójú kan, kò jáde. Ó ní òun ò lè pa ara òun, ó gba owó ọkọ̀, ó lọ.

Owó tó wà lọ́wọ́ mi, bí mo bá fi ra ráàkì, ó tán nìyẹn. Ṣé ráàkì náà ni lóòótọ́? Báwo ni mo ṣe lè tú àwọn irin yìí láìba mọ́tò jẹ́?

BàbáGáàÀkáńbí

Ọmọ mi, kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Má tíì ra ráàkì o. Iṣẹ́ abẹ́ mọ́tò ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, ráàkì tí mo ti rí tí wọ́n jù nù láìṣẹ̀ kò ṣe é kà. Láti ọwọ́ rẹ dé orí táyà, ọ̀pọ̀ irin ló wà lójú ọ̀nà, ẹyọ kan péré ló sì lè mú gbogbo rẹ̀ gan. Wá èyí tó gan ná.

Gbé iwájú mọ́tò sókè, kí ó jókòó lórí sítáǹdì méjì. Sítáǹdì ni mo wí, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù kì í sọ tẹ́lẹ̀ kó tó fọ́. Kí kọ́kọ́rọ́ wà níbi tí sítíárìn ò ti ní lọ̀ọ́kì. Tú táìróòdù méjèèjì kúrò lára nọ́kúlù, ìyẹn irin ńlá tó gbé wíìlì dání. Wá fi ọwọ́ di wíìlì kọ̀ọ̀kan mú, máa yí i lọ, máa yí i bọ̀. Èyí tó bá wúwo nínú wọn, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀ rẹ̀ (oríkèé tí wíìlì ń yí lé) tàbí béárìn tó wà lókè ṣọ́kì ló ń ṣe é. Krọ̀ọ́ tí o ń gbọ́ yẹn, béárìn òkè ni mo fura sí.

Bí wíìlì méjèèjì bá lọ geere, tí sítíárìn ṣì wúwo, ó ku ráàkì àti ọ̀pá tó so ó mọ́ sítíárìn. Ọ̀pá yẹn ní kúrọ́ọ̀sì jọ́ìntì kékeré kékeré, nítòsí ibi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń wà. Bí omi bá wọ̀ wọ́n, tí gíríìsì inú wọn gbẹ, wọ́n á gan. Sítíárìn tó bá yí tí kò padà, àwọn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Tú ọ̀pá náà kúrò lórí ráàkì, kí o fi ọwọ́ ṣẹ́ jọ́ìntì rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó yẹ kó rọ̀ bí ọrùn ọwọ́ rẹ.

Ohun kan tí o ò gbọdọ̀ gbàgbé: Corolla ọdún yẹn tó ti Amẹ́ríkà wá ní báàgì afẹ́fẹ́ nínú sítíárìn, wáyà rẹ̀ sì ká róbótó sábẹ́ ibẹ̀. Kí táyà kọjú síwájú gbọọrọ kí o tó tú ọ̀pá, kí o sì so sítíárìn mọ́ ìjókòó kó má lè yí. Bó bá yí bó ṣe wù ú láìsí ọ̀pá, wáyà yẹn á já. Kun ọ̀dà funfun díẹ̀ sí ibi tí ọ̀pá àti ráàkì ti pàdé, kí wọ́n lè padà síbi tí wọ́n wà.

ỌmọÒmùÀrán

Bàbá, mo dúpẹ́ gan-an. Ọkàn mi ti balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n táìróòdù tí ẹ ní kí n tú yìí gan-an ni kò kúrò. Ti apá òsì, mi ò tíì fọwọ́ kàn án. Ti apá ọ̀tún, orí rẹ̀ ti bàjẹ́, nọ́ọ̀tì ò lè wọ̀ ọ́ mọ́.

Wẹ́dàỌ̀fà

Iná ló máa gbà, ẹ̀gbọ́n. Kò sí nǹkan tó dógùn-ún tó ń bá iná jà. Pe wẹ́dà kan wá pẹ̀lú gáàsì, kó jó ibẹ̀ títí á fi pọ́n bí ẹ̀yinná, ẹ lù ú lẹ́ẹ̀kan, á bọ́. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

BàbáGáàÀkáńbí

Wẹ́dàỌ̀fà, o kú iṣẹ́. Òótọ́ ni o sọ nípa iná, mo ń lò ó. Ṣùgbọ́n kó má jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tó máa gbé dání.

ỌmọÒmùÀrán, gbọ́ mi dáadáa. Kí o tó gbé hámà sókè, bi ara rẹ pé: nínú irin méjì tó di ara wọn mú yìí, èwo ni mò ń jù nù, èwo ló ń bá mọ́tò lọ? Èyí tí o ń jù nù ni kí o fi ìyà jẹ. Táìróòdù kì í wọ́n, nọ́kúlù ń kù sára mọ́tò. Bí wẹ́dà bá jó nọ́kúlù títí tó fi pọ́n, agbára tí wọ́n fi iná àti ìtutù fún irin yẹn níléeṣẹ́ lè dínkù, ìwọ ò sì ní rí i lójú. Béárìn wíìlì wà nítòsí, okùn bíréèkì onírọ́bà wà nítòsí, rọ́bà bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀ wà nítòsí. Iná á jẹ gbogbo wọn.

Ìdí táìróòdù yẹn rí bí ṣùkù àgbàdo, ó fẹ̀ lápá kan, ó tẹ́ẹ́rẹ́ lápá kejì, ó sì kì sínú ihò tó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí nọ́ọ̀tì ṣe ń fà á ló ń fún mọ́ ihò. Ẹni tó bá ń lu orí tẹ́rẹ́ẹ̀dì, ìbàjẹ́ ló ń ṣe. Ẹ̀gbẹ́ ihò náà, lára apá nọ́kúlù, ni kí o lù. Gbé hámà ńlá kan ti ẹ̀gbẹ́ kan, kó dúró gbọin, kí o fi òmíràn lu ẹ̀gbẹ́ kejì kíkankíkan. Ihò á gbọ̀n, á yí ìrísí padà fún ìṣẹ́jú àáyá, ìdí táìróòdù á já kúrò. Fún ti apá òsì, tú nọ́ọ̀tì rẹ̀ ṣùgbọ́n má yọ ọ́ tán, jẹ́ kó di tẹ́rẹ́ẹ̀dì díẹ̀ mú kí nǹkan má já lu ẹsẹ̀ rẹ. Bí o bá rí púlà, ìyẹn irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fa irin yọ, yá, fi púlà fà á kí ó le, kí o wá lu ẹ̀gbẹ́. Àwọn méjèèjì pọ̀ ló ń ṣiṣẹ́.

Ti apá ọ̀tún, olú tó hù sórí rẹ̀ ò jẹ́ nǹkan kan. O ń jù ú nù ni. Fi ayùn irin gé e tàbí fi fáìlì há a kó lè gba inú ihò kọjá.

Olùkọ́Àjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kẹ́mísírì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, mọ́tò mi sì ti dàgbà, ìdí tí mo fi ń bá yín dá sí i nìyí.

Ìpáàrà kì í ṣe ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ irin lásán. Irin náà ló gba omi àti ọ́síjìn mọ́ra tó di nǹkan mìíràn, nǹkan mìíràn yẹn sì máa ń gba àyè tó ju ìlọ́po méjì irin tó ti ara rẹ̀ wá. Nínú àlàfo tó tín-ín-rín bí irun orí, kò síbi tó máa fẹ̀ sí. Ara àwọn irin méjèèjì ló ń tì. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀tì tí ọwọ́ lásán ń tú lọ́jọ́ tó wà ní tuntun fi ń di òkúta.

Nítorí náà, fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ìpáàrà ojú rẹ̀ kúrò ná kí òróró lè rí ọ̀nà wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fọ́n WD-40 tí wọ́n ń retí iṣẹ́ ìyanu. Ọdún 1953 ni wọ́n ṣe é, láti lé omi kúrò lára irin ni. Ó ń ran ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òróró tí wọ́n dìídì ṣe fún nọ́ọ̀tì tó gan dára jù ú lọ. Bí o kò bá rí i rà, òróró jíà ọtomátíìkì àti ásítóònù, ìlàjì sí ìlàjì. Wọn ò fẹ́ràn ara wọn, wọ́n á yà bí omi àti epo pupa, torí náà gbọn ìgò náà nígbàkigbà tí o bá fẹ́ lò ó. Lárààárọ̀ àti lálẹ́, fún ọjọ́ méjì ó kéré tán. Àkókò ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń sọ̀rọ̀ iná, mo bẹ̀ yín. Ásítóònù ń gbiná kíákíá, kódà èéfín rẹ̀ ń gbiná. Ibi tí ẹ bá ti da èyí sí, ẹ má gbé iná débẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kó ta sí ọ̀dà mọ́tò, á bó o.

ỌmọÒmùÀrán

Ẹ ṣé, màámi. Mo ti ra òróró méjèèjì. Màá padà wá.

Ìbéèrè kan: béárìn òkè ṣọ́kì tí Bàbá fura sí yẹn, ṣé mo lè tú nọ́ọ̀tì tó wà láàárín rẹ̀ lókè kí n fi gíríìsì sí i? Mo rí i nígbà tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó dàbí pé kò le.

ỌmọÀfọ̀njá

Jọ̀ọ́, má ṣe é! Mo bẹ̀ ọ́, má fọwọ́ kàn án!

Nọ́ọ̀tì àárín yẹn ló di sípíríìngì mú. Sípíríìngì náà wà ní fífún mọ́lẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti tò ó. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọmọṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan tú u lójú mi. Ọ̀gá wa ti jáde, kò sì fi irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń mú sípíríìngì kalẹ̀. Ṣọ́kì náà wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ariwo tó dún, mo rò pé táyà ló bẹ́. Àwo irin òkè rẹ̀ gbá a ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, eyín mẹ́ta bọ́, egungun àgbọ̀n rẹ̀ sì ṣẹ́. Títí di òní, apá kan ẹnu rẹ̀ ló fi ń jẹun. Ó padà fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Bí o bá fẹ́ pààrọ̀ béárìn yẹn, yọ ṣọ́kì náà lódindi pẹ̀lú sípíríìngì lára rẹ̀, gbé e lọ fún ẹni tó ní irinṣẹ́ tó ń fún un, kí ó jẹ́ méjì, kí wọ́n kọjú síra. Ẹ má fi wáyà tàbí okùn dì í, wọn ò lè mú un. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé iná sún mọ́ ṣọ́kì. Òróró wà nínú rẹ̀, òmíràn ní gáàsì, ó lè bú gbàmù.

ỌmọÒmùÀrán

Ara mi bù máṣọ nígbà tí mo ka èyí. Ẹ ṣeun tí ẹ tètè dáhùn. Sípánà ti wà lọ́wọ́ mi lánàá.

BàbáGáàÀkáńbí

Ohun tó sọ yẹn, kí gbogbo ẹni tó ń kà á gbà á gbọ́. Ọlọ́run ṣe é tí o béèrè.

ỌmọÒmùÀrán

Ọjọ́ kẹta rèé, mo padà dé.

Táìróòdù òsì kò yọ wá lẹ́nu, ìlù méjì péré. Ti ọ̀tún ló fi ojú wa rí màbo. Àbúrò mi di hámà ńlá mú lẹ́yìn, èmi ń lù níwájú. Ní àkọ́kọ́, ó ń dún gbì, gbì, bí ẹni ń lu ilẹ̀. A sinmi, a tún da òróró sí i, a jẹun. Lẹ́yìn Àsárì, a tún bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni ogún ìlù, ohùn rẹ̀ yí padà, ó dún kọọ́ọ́, gbẹrẹgẹdẹ, bí agogo. Ìkejì sí i, táìróòdù ti wà nílẹ̀. Eruku pupa lẹ́búlẹ́bú ló tú jáde nínú ihò náà. Mo nu ihò náà, ó ń dán, kò sí ibi tó ya.

Kí n tó tú wọn kúrò lára ráàkì, mo fi ọ̀dà sàmì síbi tí nọ́ọ̀tì ìdè dúró, mo sì ka iye ìgbà tí mo yí wọn kí wọ́n tó bọ́. Ọ̀tún, 17. Òsì, 18. Iye yẹn ni màá yí àwọn tuntun wọlé.

Wíìlì òsì lọ geere. Wíìlì ọ̀tún náà ń lọ, àmọ́ krọ̀ọ́ yẹn wà níbẹ̀, mo sì gbọ́wọ́ lé sípíríìngì, mo ń gbọ́ ọ tó ń gbọ̀n. Béárìn òkè ni, bí Bàbá ṣe wí. Mo máa yọ ṣọ́kì náà lódindi.

Lówà áàmù ló kù. Bọ́ọ̀tì yẹn ṣì ń yí lójú kan.

BàbáGáàÀkáńbí

O ṣiṣẹ́ o! Ṣùgbọ́n ṣé dandan ni kí lówà áàmù jáde? Bí búṣì rẹ̀, ìyẹn rọ́bà ibi tó ti so mọ́ ara mọ́tò, bá ṣì dára, fi í sílẹ̀. Èèyàn kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá iṣẹ́ tí kò sí.

ỌmọÒmùÀrán

Búṣì náà ti ya, sà. Mo ń rí ìmọ́lẹ̀ òdìkejì nínú rẹ̀.

AlágbàTòkunbọ̀

Á gbọ́dọ̀ jáde nìyẹn. Àwọn tòkunbọ̀ ni mo ń tà, mo mọ ẹjọ́ bọ́ọ̀tì yẹn dáadáa. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tó tutù ní Amẹ́ríkà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín kí ọkọ̀ má baà yọ̀. Iyọ̀ yẹn ń ta sábẹ́ mọ́tò, ó ń mú ìpáàrà yára. Mọ́tò á dán lókè bí ẹyin, abẹ́ rẹ̀ á ti pọ́n. Ẹ fi wé Peugeot 504 tí wọ́n tò ní Kàdúná tí kò kúrò ní Nàìjíríà rí. Eruku àti gíríìsì gbígbẹ ni tirẹ̀, nọ́ọ̀tì rẹ̀ ṣì ń tú. Bí mo bá ń ra ọjà, abẹ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wò.

Èyí tó ń ṣe tìrẹ rèé: páìpù irin kékeré kan wà láàárín rọ́bà búṣì, bọ́ọ̀tì gba inú rẹ̀ kọjá. Ìpáàrà ti lẹ bọ́ọ̀tì mọ́ páìpù náà. Bí o bá yí i, páìpù ń bá a yí, rọ́bà ló ń lọ́. Bí òróró ọjọ́ mẹ́ta ò bá ràn án, má lu ú mọ́, ibi tó so mọ́ ara mọ́tò ló máa ṣẹ́. Fi ayùn irin gé bọ́ọ̀tì náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì búṣì, láàárín búṣì àti irin tó gbà á. Áàmù á bọ́ sílẹ̀. O ń jù bọ́ọ̀tì àti búṣì nù, kò sí àdánù.

Wo àmì orí bọ́ọ̀tì àtijọ́ kí o tó ra tuntun. Iye tó wà níbẹ̀ ń sọ bó ṣe le tó. Èyí tó ní 8.8 kò lè rọ́pò 10.9. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá bọ́ọ̀tì ṣáṣá sí i nítorí pé ó wọ ihò.

ỌmọÒmùÀrán

Mo gé e. Ọwọ́ mi ró, ó sì gbà mí ní abẹ ayùn mẹ́ta, ṣùgbọ́n ó bọ́, ibi tó so mọ́ kò ní àbàwọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù. Mo fi okùn so sítíárìn mọ́ ìjókòó, mo sàmì funfun, mo tú ọ̀pá kúrò lórí ráàkì. Mo fi ọwọ́ ti ráàkì sọ́tùn-ún, mo tì í sósì. Ó ń lọ jẹ́jẹ́, mo ń gbọ́ òróró tó ń ṣàn nínú rẹ̀. Ráàkì kò ní nǹkan kan! Mo wá gbé ọ̀pá náà sọ́wọ́. Jọ́ìntì òkè rọ̀. Ti ìsàlẹ̀ dúró gbagidi bí igi. Mo fi gbogbo agbára ṣẹ́ ẹ, ó lọ díẹ̀, ó tún gan.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo pe màmá mi. Mo ní ohun tó jẹ́ ká fẹ́ ná gbogbo owó yẹn rèé, kò gùn ju àtàǹpàkò mi lọ.

Ṣé kí n fi òróró rẹ ẹ́, kí n máa ṣẹ́ ẹ títí á fi rọ̀?

BàbáGáàÀkáńbí

Á rọ̀ fún ọ. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, á tún gan, bóyá lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́ lóru. Ó ṣe tán, gíríìsì tó wà nínú rẹ̀ ti lọ, abẹ́rẹ́ béárìn inú rẹ̀ ti jẹ. Sítíárìn ni ohun tí a ń sọ yìí. Wá ọ̀pá náà lọ́dọ̀ àwọn oní-pátì ní Táíwò, ní Ìlọrin, kí o ṣẹ́ jọ́ìntì rẹ̀ méjèèjì lójú wọn kí o tó sanwó. Kò lè tó ìdá díẹ̀ nínú owó ráàkì.

Nígbà tí o bá ń tò ó padà: bọ́ọ̀tì búṣì lówà áàmù, má fún un le nígbà tí mọ́tò ṣì wà lókè. Rọra mú un dání, sọ mọ́tò kalẹ̀ lórí táyà, mì í díẹ̀, kí o tó wá fún un le. Bí o bá fún un nígbà tí wíìlì ń rọ̀ dirodiro, rọ́bà búṣì á wà ní lílọ́ nígbàkigbà tí mọ́tò bá wà nílẹ̀, á tún tètè ya. Mẹkáníìkì tó ń ṣe èyí kò pọ̀. Fi sípílíìtì píìnì tuntun, ìyẹn wáyà líle tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú, sínú gbogbo nọ́ọ̀tì olórí adé. Àtijọ́ kì í ṣe é tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Rọra wa mọ́tò náà wá sí Ìlọrin fún aláìmẹ́ǹtì, ìyẹn títo táyà kí wọ́n kọjú síwájú dọ́gba, nítorí kíka tí o kà, ó máa gbé ọ sún mọ́ ọn ni.

ỌmọÒmùÀrán

Ẹ kú ìdúró, gbogbo yín.

Mo ra ọ̀pá náà ní Táíwò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ èyí tí wọ́n gbé wá, nítorí pé mo ṣẹ́ jọ́ìntì rẹ̀ lójú wọn, kò rọ̀. Ẹ̀kẹta ló dára. Béárìn òkè ṣọ́kì náà, ṣọ́ọ̀bù kan tó ní irinṣẹ́ méjì tó ń fún sípíríìngì ló bá mi ṣe é, mo dúró sẹ́yìn ọ̀nà jíjìn gẹ́gẹ́ bí ỌmọÀfọ̀njá ṣe wí. Bọ́ọ̀tì búṣì, orí táyà ni mo ti fún un.

Lánàá ni mo wà á láti Òmù-Àrán gba Àjàṣẹ́-Ìpo wá sí Ìlọrin. Màmá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Níbi kọ́nà àkọ́kọ́ tí a yà, mo tú ọwọ́ díẹ̀ lára sítíárìn, ó sì rọra yí padà fúnra ẹ̀ títí ó fi dọ́gba. Màmá mi rí i. Wọ́n ní, “Bó ṣe máa ń ṣe fún bàbá yín náà nìyẹn.” Ẹni tó ṣe aláìmẹ́ǹtì ní kò jìnnà rárá, ìwọ̀nba díẹ̀ ló yí lápá òsì.

Olùkọ́Àjàṣẹ́, òróró tó kù nínú ìgò yẹn, mo ti lẹ ìwé mọ́ ọn pé kí ẹnikẹ́ni má gbé e sún mọ́ iná. Ọ̀pá àtijọ́ náà wà nínú àpótí irinṣẹ́ bàbá mi, ẹ̀gbẹ́ sípánà wọn. Jọ́ìntì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì gan síbẹ̀.